Èmi Ni Mo Dí Ihò Afẹ́fẹ́ Bàlúù Náà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ò mọ̀ mí, èmi náà ò sì mọ̀ yín. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnu mi fi yà láti sọ ọ́. Gbogbo àwọn tó mọ̀ mí ní Abẹ́òkúta ń pè mí ní ènìyàn dáadáa. Mi ò lè fara da orúkọ náà mọ́.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ba ayé ènìyàn méjì jẹ́. Ẹnì kan nínú wọn ti kú, a sin ín ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ẹnì kejì wà láàyè, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ohun tí kò ṣe. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo tún ṣe òmíràn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó ṣépè fún mi. Àwọn orúkọ tí mo máa dá kì í ṣe orúkọ wọn gan-an.

Mẹkáníìkì ni mí. Papalanto ni mo ti kọ́ṣẹ́, lára àwọn tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì. Mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé etí sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, mo máa ń mọ ibi tó ti ń dùn ún. Ọ̀gá mi ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Iṣẹ́ yẹn nìkan ni mo ní láyé tí mo lè fi àyà sọ pé ó jẹ́ tèmi.

Ṣọ́ọ̀bù mi ni Ẹ̀gbọ́n Délé gbé jẹnẹrétọ̀ wọn wá ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé. Ọmọ Ìbarà ni wọ́n, ìdílé oníṣọ́ọ̀ṣì, ìdílé àwọn tíṣà. Awakọ̀ òfurufú ni wọ́n. Bàlúù kékeré ni wọ́n ń wà ní gbogbo ìgbà ayé wọn, èyí tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí oko ńlá lókè Ọya. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sílé. Wọ́n ní ilẹ̀ gbọọrọ kan lọ́nà Alábàtà, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n kọ́ ilé páànù kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kan bàlúù oníjókòó méjì síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ máa fi wo oko àwọn àgbẹ̀ láti òkè, kí wọ́n lè mọ ibi tí omi dúró sí àti ibi tí àrùn ti ń jẹ ẹ̀gẹ́. Wọ́n tún fẹ́ máa fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń gbéra àti bí wọ́n ṣe ń balẹ̀.

Nígbà tí mo tún jẹnẹrétọ̀ wọn ṣe tán, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún, wọ́n ní, "Bàbá Sùlè, ìwọ ni mo ti ń wá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ro ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe sí mi. Èmi tí mò ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ tírélà, ènìyàn pè mí pé kí n wá ṣe ẹ́ńjìnnì ohun tó ń fò. Mo ṣe é. Nígbà tí bàlúù náà kọ́kọ́ gbéra, èmi ni mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀gbọ́n. Mo rí odò Ògùn nísàlẹ̀. Mo rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà, lọ súà. Ẹ́ńjìnnì mi ń ké níwájú mi, mo sì ń sunkún bí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà kò fún wa ní ìsinmi. Bẹntiróòlù tí a ń rà máa ń lómi nínú. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ á máa wú ikọ́ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n bá wà lókè. Bó ṣe ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni bóòtù ń tú. Àwọn àgbẹ̀ ní ariwo rẹ̀ ń lé adìẹ wọn wọgbó. Tí a bá lò ó lọ́jọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń tún un ṣe. Kò sú mi rárá. Ṣé ẹ rí i, ìgbà tó bá bàjẹ́ ni wọ́n máa ń nílò mi.

Èmi ni mo mú Rónkẹ́ wá. Èyí tún wà lára ohun tó ń pa mí. Ọmọbìnrin tó ń so sólà ni, bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré. Ó so sólà mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa láìsí àléébù kankan, mo wá mú un lọ bá Ẹ̀gbọ́n pé kó bá wọn so ti ilé páànù náà. Bàbá mi ló ń pè mí láti ọjọ́ tó ti mọ̀ mí.

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n sọ fún un pé níbi tí àwọn ti lọ rí, wọ́n ti ń fi bátìrì gbé bàlúù kékeré fò. Wọ́n ní ẹ̀rọ oníná kò ní pùlọ́ọ̀gì, kò ní kabúrétọ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń yí nínú rẹ̀. Wọ́n ní oòrùn tó ń jó wa lásán yìí, a lè fi ṣáájì rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bátìrì wúwo. Epo máa ń jó tán, bàlúù á fúyẹ́. Bátìrì á wúwo lọ, á wúwo bọ̀."

Wọ́n ní, "Òótọ́ lo sọ. A ò lè fi lọ sí Kánò. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ sí Kánò? Ogún ìṣẹ́jú tó láti wo oko kan kí a sì padà. Ogún ìṣẹ́jú tó láti kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta."

Mo tún ní, "Ooru Abẹ́òkúta yìí ńkọ́? Á sè é mọ́ inú."

Rónkẹ́ dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní òun á lu ihò méjì sábẹ́ imú bàlúù náà, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé, kó fẹ́ kọjá lára bátìrì, kó sì gba ẹ̀yìn jáde. Ó ní àpótí kékeré kan á tún wà níbẹ̀ tó máa ń ṣọ́ ooru. Bí bátìrì bá gbóná jù, àpótí náà á dín agbára ẹ̀rọ kù, kó má baà gbiná. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ihò méjèèjì sórí ìwé fún mi kó lè yé mi. Ó yé mi. Ọlọ́run jẹ́rìí, ó yé mi dáadáa.

Ọwọ́ mi ni mo fi tú ẹ́ńjìnnì mi kúrò lára bàlúù náà. Mo fi tapólì bò ó sí kọ̀rọ̀ ilé páànù. Ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn méjèèjì fi ṣiṣẹ́, tí èmi ń bá wọn di nǹkan mú, tí mò ń bá wọn gbá ilẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ oníná náà lórí ilẹ̀, abẹ̀bẹ̀ iwájú yí, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ fìlà mi lọ. Mò ń dúró de ariwo. Kò sí ariwo. Mò ń gbọ́ ẹyẹ. Mò ń gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń pe ọmọ rẹ̀ lóko lọ́hùn-ún. Mo gbé etí sí i bí mo ṣe máa ń ṣe, mi ò gbọ́ nǹkan kan tó kàn mí.

Ẹ̀gbọ́n gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bàbá Sùlè, sinmi wàyí. Èyí ò ní máa yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Kò sí ohun tí a ó máa tún ṣe lára rẹ̀."

Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo délé lọ́jọ́ náà, mo gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi kọjá, mo lọ dùbúlẹ̀. Ó dà bíi pé wọ́n ti kéde òkú mi fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín.

Wọ́n dá ọjọ́ tí a máa fi sáré lórí ilẹ̀. Àdéhùn wa ni pé bàlúù náà kò ní gbéra lọ́jọ́ náà, kó kàn sá lọ sá bọ̀. Mo wá rò ó pé bí mo bá dí ihò afẹ́fẹ́, bátìrì á gbóná, agbára á dín kù nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Bàbá Sùlè sọ ọ́, ooru ilẹ̀ wa kò jẹ́." A ó sì dá ẹ́ńjìnnì mi padà. Ohun tí mo rò nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò rò ó kọjá ibẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n àti Rónkẹ́ ń jẹ àkàrà nínú ilé páànù. Mo mú àkísà méjì tí mo fi ń nu ọwọ́, mo fi irin tì wọ́n wọ inú ihò méjèèjì, jìnnà tó fi jẹ́ pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wò ó kò ní rí i. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan. Mo wọlé, wọ́n fún mi ní àkàrà, mo jẹ ẹ́.

Bàlúù náà sáré lọ, ó sáré bọ̀. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ooru kì í dé lójijì, mi ò mọ èyí nígbà náà. Ó sáré lẹ́ẹ̀kejì, ó dára. Inú Ẹ̀gbọ́n dùn débi pé ojú wọn dà bí ti ọmọ ogún ọdún. Wọ́n yọ orí síta, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé e sókè díẹ̀, kí n kàn yí po lẹ́ẹ̀kan."

Rónkẹ́ ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, a ti sọ pé òní kọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú u wò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá kọjú sí mi. Wọ́n ní, "Bàbá Sùlè, kí ni ìwọ rí sí i?"

Ẹ̀yin ènìyàn, wọ́n bi mí. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n bi mí. Mo lè ní "Ẹ sọ̀ kalẹ̀." Mo lè purọ́ pé mo rí táyà tó ń jò. Ìtìjú dí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n gbéra. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ yìí náà: ó lẹ́wà. Ó gòkè bí àwòdì, láìsí ariwo, òjìji rẹ̀ ń kọjá lórí ewé ẹ̀gẹ́. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ mo gbàgbé ohun tí mo ṣe, mo sì rí i pé Ẹ̀gbọ́n tọ̀nà, pé nǹkan yìí dára, pé ó dára ju tèmi lọ. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí abẹ̀bẹ̀ iwájú ń yí díẹ̀díẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lè ka apá rẹ̀. Wọ́n yí padà sọ́dọ̀ wa. Wọn ò dé ọ̀dọ̀ wa. Ebè oko ni táyà kọ́kọ́ gbá, imú bàlúù sì wọlẹ̀.

Àwa méjèèjì sáré. Rónkẹ́ lọ tààrà sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí wọn mú, ó ń pe orúkọ wọn. Èmi ńkọ́? Imú bàlúù ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo fa àkísà méjèèjì yọ, mo kì wọ́n bọ àpò, kí n tó lọ wo ojú ẹni tó pè mí ní èèyàn. Inú àpò mi ni wọ́n wà, wọ́n ṣì gbóná, nígbà tí mo bá wọn gbé Ẹ̀gbọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀gbọ́n kò kú nígbà náà. Ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ló já. Láti ọjọ́ náà, orí kẹ̀kẹ́ aláìlera ni wọ́n ti ń gbé ayé.

Ọ̀rẹ́ wọn kan tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ wá wo bàlúù náà. Imú rẹ̀ ti fọ́ túútúú, kò lè rí ohun púpọ̀. Ó ní bóyá ibi kan wà tí wáyà kò ti dì dáadáa, tó sì gbóná. Bóyá ló sọ. Rónkẹ́ kò gbọ́ bóyá. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ. Òun ló so wáyà, òun ló jẹ̀bi.

Àwọn mọ̀lẹ́bí Ẹ̀gbọ́n pe ìpàdé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ náà bí ẹni ń sọ òkúta. Mo dìde. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Wọ́n ní Bàbá Sùlè lójú àánú. Rónkẹ́ dì mọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ń sunkún. Gbólóhùn tí mo fi gbèjà rẹ̀ náà ni mo fi dè é.

Kò fọwọ́ kan wáyà mọ́ láti ìgbà náà. Ike àti rọ́bà ló ń tà báyìí. Ìyá kan ládùúgbò bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé kó wá wo sólà òun, ó mú sípánà dání, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó gbé e sílẹ̀, ó sì lọ. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, ó ní kì í ṣe ẹni tí òun mọ̀ mọ́. Bí àwẹ̀ bá dé, ó máa ń gbé mílíìkì àti ṣúgà wá fún mi. Ó ní òun ò ní bàbá mìíràn. Mo máa ń gbà á. Mo máa ń ṣàdúrà fún un.

Ẹ̀gbọ́n dárí jì í. Mo wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ tí wọ́n dárí jì í. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo gbéra. O sọ fún mi kí n má gbéra." Síbẹ̀ ohun kan ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Nígbàkigbà tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á ní, "Bàbá Sùlè, kí ló gbóná gan-an?" Wọ́n á mú bírò, wọ́n á ya bátìrì, wọ́n á ya ihò, wọ́n á ṣírò, wọ́n á fa ìwé náà ya. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà kò yẹ kó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Èmi á máa wo ìwé náà, èmi á ní, "Ọlọ́run ló yé, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ síbẹ̀ láti jẹ́wọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo kí wọn pé ẹ kú ìjókòó, mo jókòó, mo sọ̀rọ̀ òjò, mo dìde. Wọ́n kú láìmọ̀ ohun tó gbóná. Èmi wà lára àwọn tó gbé pósí.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ti ìrun dé, mo bá Rónkẹ́ níwájú ilé mi. Ó mú lẹ́tà kan dání. Ṣé ẹ mọ̀ pé kí Ẹ̀gbọ́n tó kú, wọ́n ti kọ̀wé nípa Rónkẹ́ sí àwọn kan tó ń kan bàlúù oníbátìrì, àwọn tó fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní wíwà? Ẹ̀gbọ́n sọ fún wọn pé ọwọ́ ọmọ náà dára, pé kò sí irú rẹ̀. Àwọn ènìyàn náà ní kó máa bọ̀. Wọ́n ní kó kó gbogbo ìwé tó yà nígbà náà wá, kí wọ́n jọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìparí oṣù yìí ni wọ́n ń retí èsì rẹ̀.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà, mo rí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀rù ń bà mí. Ọwọ́ yìí ló ṣe Ẹ̀gbọ́n léṣe. Ṣé kí n lọ? Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe."

Mo wo lẹ́tà náà. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá tú ìwé tó yà wò, wọ́n á rí i pé wáyà kò jẹ̀bi, wọ́n á béèrè ohun tó dí afẹ́fẹ́. Wọ́n á béèrè ta ló wà níbẹ̀ ní àárọ̀ náà.

Mo ní, "Má lọ, ọmọ mi."

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan tó. Bí ẹlòmíràn bá tún kú ńkọ́?"

Nǹkan tí mo rí lójú rẹ̀ kú, mo rí i bó ṣe kú. Ó ká lẹ́tà náà sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná níwájú mi, ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá mi. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní tàn mí."

Ìyàwó mi gbọ́ láti ojú fèrèsé. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi lé ọmọ ọlọ́mọ padà. Mo ní ó rẹ̀ mí.

Ọmọ mi àgbà ló ń bá mi tẹ èyí sórí fóònù. Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni, kò gbójú sókè wò mí láti ìgbà tí a ti dé ibi ti àkísà. Òun nìkan ló mọ̀ báyìí.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n lọ sọ fún un. Èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Bí mo bá ti sọ ọ́, ẹni kan ṣoṣo tó ń pè ní bàbá á kú mọ́ ọn lójú, ẹni tó sì ti kú kò lè jí láti wá gbọ́ pé ẹ̀rọ rẹ̀ kò lẹ́bi. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, oṣù á parí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Ẹni tó bá ti ṣe irú èyí rí láàárín yín, tó sì rí ẹnu sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, gbólóhùn wo lẹ fi bẹ̀rẹ̀?